Omíyalé kó adìẹ mi lọ: ta ni mo lè pè lẹ́jọ́?

"Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Odò-Ọ̀nà Kékeré ni mò ń gbé nílùú Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń sin adìẹ láti ọdún 2016. Nínú òjò ńlá tó rọ̀ kẹ́yìn, omi ya wọ inú ọgbà mi lóru, ó kó adìẹ 400 tó ti ń yé lọ, pẹ̀lú àpò oúnjẹ tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé àyípadà ojú-ọjọ́ ni, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àkọ́bí mi tó wà ní yunifásítì sọ pé ilé ẹjọ́ àgbáyé ti dájọ́ pé kí àwọn ìlú tó ba ojú-ọjọ́ jẹ́ máa san owó gbà-má-bínú fún irú wa. Ṣé òótọ́ ni? Òfin wo ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nílé àti lẹ́yìn odi? Ta ni mo lè pè lẹ́jọ́? Èmi Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn."

Ẹ kú àfẹ́kù, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé nǹkan bí oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń jẹun lásán kí ẹyin àkọ́kọ́ tó jáde, nítorí náà omi yẹn kó ju adìẹ lọ. Ọlọ́run á fi òmíràn dí i.

Àkọ́bí yín kò parọ́, ó kàn gé ìtàn náà kúrú ni. Kí ẹ má baà máa fi ìrètí òdì ka ọ̀rọ̀ mi, mo fẹ́ tètè sọ ọ́ pé n kò rí ọ̀nà kankan nínú òfin àgbáyé tí owó fi lè ti ìlú Hague, níbi tí ilé ẹjọ́ àgbáyé náà wà, dé Odò-Ọ̀nà. Ẹjọ́ tí ẹ ní, bí ẹ bá ní ọ̀kan, ìtòsí ló wà. Àyípadà ojú-ọjọ́ ní iṣẹ́ tó máa ṣe nínú ẹjọ́ náà o, àmọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni, èyí tí àwọn tó wá kí yín kò rò. N óò dé ibẹ̀.

Ìtàn ilé ẹjọ́ àgbáyé náà dùn ún gbọ́. Lọ́dún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin 27 ní yunifásítì àwọn erékùṣù Gúúsù Pàsífíìkì bi ara wọn léèrè pé kí ni àwọn ń kọ́ òfin fún nígbà tí òkun ń jẹ ilẹ̀ bàbá àwọn lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọba kan dé òmíràn. Vanuatu ló gbọ́ wọn, orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tó ará ìjọba ìbílẹ̀ méjì nílùú Ìbàdàn. Vanuatu kó àwọn ìlú mìíràn sẹ́yìn, ó sì di oṣù Kẹta 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé panu pọ̀ láti bi Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìbéèrè méjì: kí ni òfin ní kí orílẹ̀-èdè máa ṣe nípa ojú-ọjọ́, kí ló sì yẹ kó bá èyí tí kò bá ṣe é? Ọjọ́ 23 oṣù Keje 2025 ni ìdáhùn jáde. Gbogbo àwọn adájọ́ ló fẹnu kò lé e lórí.

Ìmọ̀ràn ni ìdáhùn náà lójú òfin. Kò sí olùpẹjọ́, kò sí olùjẹ́jọ́, kò sí ẹni tí wọ́n ní kó san kọ́bọ̀. Ibi tí àkọ́bí yín ti gé e kúrú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn irú àgbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbà sétí kan kó gba ekejì jáde. Adájọ́ káàkiri ayé á máa fà á yọ fún ogún ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn adájọ́ náà ní ojúṣe orílẹ̀-èdè kò pin sínú àdéhùn tó fọwọ́ sí. Òfin àṣà kan ti wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tipẹ́tipẹ́, pé o kò gbọdọ̀ fi ohun tí ò ń ṣe nílé rẹ ṣe aládùúgbò rẹ ní jàǹbá. Bàbá wa tí kò rí Hague rí ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, ìlú tó bá bínú jáde nínú àdéhùn kò tíì jáde nínú ojúṣe. Wọ́n tún ní kì í ṣe èéfín nìkan ni ọ̀rọ̀ náà: ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, àti owó ìrànwọ́ tó ń bù lé orí epo, lè sọ ìjọba náà di arúfin bí kò bá ṣe ìtọ́jú tó yẹ. Bí ẹni tí nǹkan ṣe bá sì lè fi hàn pé ohun tí ìlú kan ṣe ló bí àdánù òun, àtúnṣe àti gbà-má-bínú lè tẹ̀lé e.

Ẹ má kàn patẹ́wọ́ o. Ta ló ń fún àwọn tó ń wa epo rọ̀bì níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Amẹ́ríkà àti Ṣáínà sọ níbẹ̀ ń bá àwa náà wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín tiwa kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kọ àwọn àdéhùn fúnra wọn. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní Rio ní Bùràsíl lọ́dún 1992. Ti Kyoto tẹ̀lé e ní 1997, ó ka iye èéfín tí ìlú olówó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́wọ́ wọn. Ti Paris ní oṣù Kejìlá 2015 la wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ ro ó bí ẹbí tó fẹ́ sìnkú bàbá. Gbogbo ọmọ ló jẹ ìnáwó, ṣùgbọ́n iye tí dáwódù á dá kò lè bá ti ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ dọ́gba, pàápàá bó bá jẹ́ dáwódù ló ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú oko bàbá kó tó kú. Láti Rio ni wọ́n ti gba ìyẹn sí òfin. Ohun tí Paris wá ṣe ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí iye tuntun sì ju ti àtijọ́ lọ. Pé kó kọ ọ́, dandan ni. Bí kò bá mú un ṣẹ, ìgbìmọ̀ kan wà tó máa pè é jókòó, tó máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Àdéhùn náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìgbìmọ̀ yẹn kì í jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Ìwé tiwa ní 2021 sọ pé a ó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín èéfín tí à bá máa tú jáde ní 2030 kù fúnra wa, ìdá 47 bí ìrànwọ́ bá ti òkè òkun wá.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń gba Àdéhùn Paris wọlé, abala kẹjọ rẹ̀ dárúkọ àdánù tí ojú-ọjọ́ ń fà. Àwọn olówó ta kú. Wọ́n rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ 51 nínú ìpinnu ọjọ́ náà pé abala yẹn kò lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀bi tàbí gbà-má-bínú fún ẹnikẹ́ni. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní Íjíbítì, wọ́n gbà láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àdánù. Ọdún 2022 nìyẹn, ọdún kan náà tí omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Àpò náà wà. Ìjọba ló ń bá sọ̀rọ̀, ètò ńláńlá ló sì ń sanwó fún. Kò sí fọ́ọ̀mù tí olùsìn adìẹ máa kún.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé àdéhùn tí Ààrẹ lọ fọwọ́ sí lókè òkun jẹ́ àlejò tó dúró sẹ́nu géètì. Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́: títí wọ́n fi máa sọ ọ́ di òfin níbí, ẹ kò lè gbé e lọ bá adájọ́ ní Ring Road kí ẹ ní ó ti wí báyìí. Nàìjíríà fọwọ́ sí ti Paris ní 2016, ó fi èdìdì dì í ní 2017, síbẹ̀ àlejò náà ṣì wà níta. Oṣù Kọkànlá 2021 ni Ààrẹ Buhari wá buwọ́ lu Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí ní Glasgow lóṣù yẹn kan náà pé tó bá máa fi di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú jáde kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ rẹ̀ lè fà mu lọ.

Òfin 2021 yẹn yẹ ní kíkà. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa ka iye èéfín tí orílẹ̀-èdè lè tú bí ẹni ń ka owó oṣù. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí á máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kó sì máa jábọ̀ lọ́dọọdún (ẹ fọkàn balẹ̀, adìẹ 400 kì í ṣe òṣìṣẹ́). Èyí tó kàn yín nínú rẹ̀ ni abala 34. Ó ní bí ẹnikẹ́ni, aládàáni tàbí ìjọba, bá ṣe ohun tó ń ṣàkóbá fún akitiyan lórí ojú-ọjọ́, adájọ́ lè ní kó dáwọ́ dúró, ó lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n san gbà-má-bínú fún ẹni tó fara gbá a. Ọ̀rọ̀ àárín yẹn, pé kí adájọ́ pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ni èmi máa ń fi ìlà sí nídìí. Ti owó ìkẹyìn yẹn rẹwà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba a gbọ́dọ̀ so ìwà ẹnì kan mọ́ àdánù tirẹ̀ láìsí àlàfo, ìsopọ̀ yẹn ló sì máa ń já.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ kan láti Peru. Ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè yìnyín tó ń yọ́ sínú adágún, ẹ̀rù sì ń bà á pé adágún náà á ya lọ́jọ́ kan. Ní 2015, ó gbéra, ó lọ pe RWE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá ní Jámánì, lẹ́jọ́ ní orílẹ̀-èdè wọn. Kò gbójú lé owó gọbọi. Ó ní wọ́n sọ pé ìdá bíi 0.47 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ilé iṣẹ́ ti tú sáyé ló jẹ́ ti yín, nítorí náà ẹ san ìdá 0.47 nínú owó tí a máa fi ṣe ìdènà omi yìí, nǹkan bí 17,000 yúrò. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi fa ẹjọ́ náà. Àwọn adájọ́ tilẹ̀ wọ bàlúù lọ wo adágún ọ̀hún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2025, ilé ẹjọ́ ìlú Hamm ní òótọ́ ni, ẹni tó ń tú èéfín sáyé lè jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ òfin Jámánì. Ayọ̀ ńlá! Wọ́n wá ní àwọn onímọ̀ ti wọn ewu ilé tirẹ̀, kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà kó máa lọ sílé. Àgbẹ̀ náà là ọ̀nà fún ẹlòmíràn, kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọdún mẹ́wàá báyẹn, n kò ní dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ gbèsè oúnjẹ.

Ibi tí ẹjọ́ ojú-ọjọ́ ti ń so èso ni kí ènìyàn fi mú ìjọba tirẹ̀ ṣe ohun tó ti ṣèlérí. Ní Netherlands, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ fún ìjọba ní oṣù Kejìlá 2019 pé kó dín èéfín kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti 1990 kó tó di òpin 2020, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Àwọn ìyá àgbà ní Swítsáláńdì borí ìjọba wọn ní 2024. Èyí tó jọ ti wa jùlọ ni ti Pakistan. Àgbẹ̀ kan pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Lahore ní 2015. Kò béèrè owó. Ó ní ìjọba ti kọ ètò dáadáa sílẹ̀ lórí ojú-ọjọ́, ètò náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀. Adájọ́ ní àìṣiṣẹ́ yẹn ń ta ko ẹ̀tọ́ tí àgbẹ̀ náà ní láti wà láàyè, ó sì yan ìgbìmọ̀ kan tó ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kiri títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ǹjẹ́ a lè ṣe irú rẹ̀ níbí? Abala 20 ìwé òfin wa ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko. Ẹ tún wo abala 6, ó ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí i bóyá ìjọba ṣe é tàbí kò ṣe é. Àwọn tó ń ki Ìbàdàn máa ń pè é ní ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun. Mo máa ń rò pé ẹni tó kọ abala méjì yẹn ti gbé Ọjà'ba rí. Ṣùgbọ́n fèrèsé kan wà. Àlejò kan ti wọlé tipẹ́: Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti Áfíríkà, tí a sọ di òfin níbí ní 1983. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ọwọ́ sọ̀yà ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi, pé ó lágbára ní Nàìjíríà. Abala 24 rẹ̀ sì ní gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára.

Ará abúlé Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta kan gba fèrèsé náà wọlé ní 2005. Ó ní gáàsì tí Shell àti NNPC ń dáná sun lórí àwọn tọ̀sán-tòru ń gba ẹ̀mí àwọn. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Benin gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó ní kí iná náà kú. Iná náà kò kú. Ẹ rántí pé láti 1984 ni òfin wa ti ní kí wọ́n dáwọ́ gáàsì sísun dúró, àfi ẹni tí mínísítà bá fún níwèé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà kò sì wọ́n lọ́jà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé borí-ẹjọ́ yàtọ̀ sí gba-ẹ̀tọ́. Síbẹ̀ ìdájọ́ ọ̀hún wà nínú ìwé, àwa lọ́yà sì ń fà á yọ. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún ṣí ilẹ̀kùn sí i: wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ lórúkọ ìlú, bí epo kò tilẹ̀ ta sí ẹgbẹ́ náà lára.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ báyìí. Bí omi bá wọ ilé ẹnì kan ní Nàìjíríà, tí onítọ̀hún sì ní ẹlòmíràn ló fà á, ìgbèjà kan ni ẹlòmíràn yẹn máa kọ́kọ́ sá sí: àmúwá Ọlọ́run. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí nìkan ni. Ìgbèjà òfin ni, a jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ tóbi débi pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn kò lè rò ó tẹ́lẹ̀, kò sì lè dènà rẹ̀. Ní 1876, obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní adágún tó fi ṣe ọgbà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Òjò tí àgbà ibẹ̀ kankan kò rí irú rẹ̀ rí rọ̀, adágún ya, omi kó afárá mẹ́rin lọ. Wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ní 1917, ìgbìmọ̀ ìlú Greenock ní Scotland wà níwájú adájọ́. Wọ́n ti dí ojú odò kékeré kan láti fi ṣe adágún ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Òjò ńlá dé, odò wá ọ̀nà rẹ̀ tì, ó gba ojú títì lọ bá ohun ìní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n pariwo àmúwá Ọlọ́run. Ilé ẹjọ́ ní rárá o: ẹni tó bá dí ọ̀nà odò gbọ́dọ̀ la ọ̀nà mìíràn fún un tó lè gba òjò ńlá, kí òjò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò sì gbà á sílẹ̀. Àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kò de adájọ́ wa lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ́tí sí i.

Ẹ wá mú òye yẹn wá sí Ìbàdàn. Ògùnpa kún ní 1978. Ó tún kún ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ó gbé òkú lọ títí wọn kò fi lè kà á mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó rọ̀ fún wákàtí díẹ̀ lé ní mìlímítà 180. Odò Ọ̀nà tiyín náà wà nínú rẹ̀, omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Mo rántí pé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ẹjọ́ àwọn oníbàárà mi ni mo ń sá sórí okùn bí aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé nítorí omíyalé ìlú yìí nìkan. Ọdọọdún ni àjọ NiMet ń sọ bí òjò á ṣe rí, tí àjọ NIHSA náà ń sọ ibi tí omi lè yalé. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin ní 2021 pé ojú-ọjọ́ ń yí padà. Ta ló wá kù ní Ìbàdàn tó lè di Bíbélì tàbí Kùránì mú níwájú adájọ́ kó ní òun kò mọ̀ pé òjò ńlá lè rọ̀?

Ìdí tí mo fi ní ẹlẹ́rìí ni àyípadà ojú-ọjọ́ nìyẹn. Àwọn tó wá kí yín ń lò ó bí ọ̀rọ̀ ìtùnú, pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Nínú ilé ẹjọ́, òdìkejì rẹ̀ ló ń sọ. Bí ìmọ̀ nípa òjò ńlá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè àmúwá Ọlọ́run ń dín kù.

Ta wá ni olùjẹ́jọ́? Ẹ fẹsẹ̀ rìn gòkè odò lọ, ẹ fojú ara yín wò ó. Bí ẹnì kan bá mọ odi, kọ́ ilé tàbí da yẹ̀pẹ̀ sójú ọ̀nà omi, tí omi fi ṣẹ́rí wá sọ́dọ̀ yín, onítọ̀hún ni ẹ kọ́kọ́ ní. Òfin tí ẹ máa fi mú un kò mẹ́nu kan ojú-ọjọ́ rárá: ìyọnu sí ilẹ̀ aládùúgbò àti àìṣọ́ra ni. Adìẹ yín lè di owó níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ sílẹ̀.

Ìjọba ni ẹnì kejì. Kò yẹ kí ẹ gba Àbújá lọ fún èyí. Láti 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ, nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ètò ìlú àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Gọ́tà àti ilẹ̀ dídà, àfikún kẹrin ìwé òfin ti kó o fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ ní Agodi àti sí ìjọba ìbílẹ̀ yín lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kó pàǹtí inú odò yẹn kẹ́yìn, ẹni tí wọ́n fún níwèé àṣẹ ilé sí etí rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe lórí ìkìlọ̀ òjò ọdún yìí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ní 2025 pé kò sí ìpínlẹ̀ tó lè ní òfin náà kò kan òun. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ti rí ẹ̀rí. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀rí náà nìyẹn. Kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò wá jọ lọ sí kóòtù lórí ẹ̀tọ́ láti wà láàyè àti abala 24 tí mo sọ, kí adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n kó pàǹtí inú odò náà. Ní tòótọ́, ó rọrùn láti rí àṣẹ yẹn gbà ju pé kí ìjọba san owó adìẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ lè má fẹ́ gbọ́. Ọgbà tiyín ńkọ́, mélòó ni ó fi jìnnà sí odò? Òfin ní àlàfo tí kò gbọdọ̀ sí ilé níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú àlàfo yẹn ni ilé adìẹ wà, tí ẹ kò sì ní ìwé àṣẹ, lọ́yà wọn á mú sọ̀fíyọ̀ dání wá, ẹ̀yin lẹ á máa dáhùn ìbéèrè. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gba lọ́yà.

Ẹ kó rìsíìtì oúnjẹ àti ti òròmọdìẹ jọ, àwòrán tí ẹ yà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àti orúkọ dókítà ẹranko tó mọ iye adìẹ yín. Ẹ kò kọ ọjọ́ tí omi wọlé sínú lẹ́tà yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lónìí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni òfin àkókò kò dè.